Prósẹ́sọ̀ Tí A Wá fún Ohùn Bàámi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta

Dókítà ti dá ọjọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó gbẹ̀yìn oṣù yìí ni wọ́n máa gé gògóńgò Bàámi kúrò. Ó ní kókó inú rẹ̀ ti kọjá ohun tí oògùn lè ká. Wọ́n á yè, ó sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n wọn ò ní í lè sọ̀rọ̀ mọ́. Bàámi ò wo ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Nígbà tí a jáde síta ni wọ́n ní, "Káfíńtà tó kan tábìlì yẹn ò mọ ìṣó gbá." Mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọ́n ṣe máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí. Olùkọ́ Ohùn ni mo máa pè é níbí. Ó fún mi ní fláàṣì kan, ètò kọ̀ǹpútà kan wà nínú rẹ̀. Ètò yìí á máa gbé gbólóhùn síwájú Bàámi, wọ́n á máa kà á, òun á sì máa kọ́ ohùn wọn. Tó bá yá, ohunkóhun tí wọ́n bá tẹ̀, kọ̀ǹpútà á fi ohùn wọn sọ ọ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé agbòjò mi sọ́dọ̀ rẹ̀. Òjò sì pa wá dé ilé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Mo ki fláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlá tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà yìí ya kọ́bọ́ọ̀dù kí Bàámi tó gé pákó, ìyẹ̀fun igi tó sì ti jẹ á kún àpò. Ètò náà ṣí, ó ń yí, ó ń yí, ó wá kọ ọ́ síta pé prósẹ́sọ̀ mi, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kò ní ohun tí òun ń wá. Ó pa ara rẹ̀ dé. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀rọ̀ kan náà ló fi lé mi jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo ní ká ra kọ̀ǹpútà tuntun. Bàámi ní, "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀yà kan ló kọ̀ ọ́, ẹ̀yà kan ni kó o pààrọ̀. Ilé ìwòsàn ti na ọwọ́ sí owó yòókù."

Mo ní ká lọ lo ti ọ̀rẹ́ mi nígbà náà.

"Ohùn mi ò ní í máa gbé ilé onílé."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá wọn jà? Ohùn tí wọ́n fi ń kọ̀ fún mi gan-an ti há, bí ayùn tó kan ìṣó nínú pákó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Kọ̀ǹpútà, tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lọ́jà. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, èèyàn gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó wọlé, bóyá ìdí nìyẹn tó fi máa ń rò pé gbogbo wa la bọ̀wọ̀ fún òun. Mo ní mo fẹ́ prósẹ́sọ̀. Ó bi mí pé irú bọ́ọ̀dù wo, ìyẹn pátákó tí prósẹ́sọ̀ ń jókòó lé, ló wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Mi ò mọ̀.

"Ọmọ káfíńtà, ṣé o máa ń ra ilẹ̀kùn láìwọn ojú ọ̀nà ni? Ihò tó wà lórí bọ́ọ̀dù yẹn ló máa sọ èyí tó máa gbà. Pe ilé."

Mo pe Bàámi kí wọ́n bá mi ka nọ́ńbà ara bọ́ọ̀dù. Wọn kì í tẹ lẹ́tà lórí fóònù, ìka wọn nípọn, ó máa ń tẹ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ohùn ni wọ́n máa ń gbà ránṣẹ́ sí mi, bí wọ́n sì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà: "Alágídí, gbọ́ mi." Ìgbà márùn-ún ni wọ́n fi ka nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n tó mọ̀ pé orí bátìrì ni wọ́n ti ń kà á.

Ìyá Kọ̀ǹpútà gbé prósẹ́sọ̀ méjì sílẹ̀, tí méjèèjì máa wọ ihò mi. Ọ̀kan yára, ó sì jẹ́ ẹbí èyí tí mo ní. Ìkejì kò yára tó o lójú ìwé, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Èyí tó yára ni mo mú. Ta ni kò fẹ́ yára nínú oṣù yìí? Ó gbà pé kí n mú ti àtijọ́ wá kó lè dín owó kù fún mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

A tú kọ̀ǹpútà lórí bẹ́ǹṣì tí a ti ń fá pákó. Ìyẹ̀fun igi inú rẹ̀ tó ẹ̀kúnwọ́ méjì. Bàámi yọ fáànù, wọ́n nu gírísì tó ti gbẹ kúrò lórí prósẹ́sọ̀, wọ́n sì fi pẹ́ńsùlù sàmì onígun mẹ́ta kékeré sí igun rẹ̀ kan kí wọ́n tó yọ ọ́. Wọn kì í yọ nǹkan kan kúrò lára nǹkan kan láìsàmì sí i. Mo ní, "Bàámi, a ò ní í dá a padà mọ́ o." Wọ́n ní, "Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀."

Kọ̀ǹpútà jí. Àwòrán kọ́bọ́ọ̀dù tó máa ń gbà mí ní ìgbà tí mo fi ń po tíì ṣí kí n tó dìde. Mo fò sókè. Mo ṣí ètò ohùn.

Ọ̀rọ̀ kan náà. Prósẹ́sọ̀ mi kò ní ohun tí òun ń wá.

Mo jókòó sórí ilẹ̀ láàárín ìyẹ̀fun igi. Bàámi ní kí n dìde, aṣọ mi ti dọ̀tí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Bàámi ní omi pàápàá ti ń ha àwọn lọ́nà ọ̀fun. Búrẹ́dì tí mo rì sínú tíì, wọ́n dá a padà. Mo gbé prósẹ́sọ̀ àtijọ́ fún ọmọ iṣẹ́ Ìyá Kọ̀ǹpútà bí a ṣe ṣàdéhùn, mi ò rí òun fúnra rẹ̀ bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mo bá a lónìí. Mo ya àwòrán ọ̀rọ̀ tí ètò náà ń kọ, mo fi hàn án. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún un wọ̀.

"Kí lo sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn? O ní èyí tó yára. Ṣé mo fún ọ ní èyí tó ń falẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Àṣẹ kan wà tí ètò yìí máa ń pa fún prósẹ́sọ̀. Ìdílé tí tìẹ ti wá, wọn ò kọ́ wọn ní àṣẹ yẹn. O lè mú èyí tó ń sáré bí ẹṣin nínú wọn, kò ní í gbọ́. Èyí tí owó rẹ̀ dùn ọ́ yẹn ló gbọ́ ọ. Ká ní o sọ pé ohùn bàbá ẹ lo fẹ́ fi ṣe ni, ǹ bá ti sọ."

Mi ò sọ. Ojú tì mí láti sọ àìsàn Bàámi láàárín ọjà, báyìí ni mo ṣe pàdánù ọjọ́ márùn-ún. Mo dá èyí tó yára padà, mo fi owó kún un, mo mú ìkejì. Kí n tó parí, Bàámi ti fi ohùn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. "Alágídí, gbọ́ mi, bi í bóyá fáànù wa á lè mú un tutù." "Alágídí, gbọ́ mi, má jẹ́ kó fún ọ ní èyí tí wọ́n ti ha létí." Fóònù mi ti kún, kò gba àwòrán mọ́. Mo pa àwọn ohùn ọ̀sẹ̀ tó kọjá rẹ́ kí n lè ráyè ya ẹ̀yìn prósẹ́sọ̀ náà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

A fi prósẹ́sọ̀ kejì sí i, fáànù ń yí. Iná ń tàn. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. A tú u, a tò ó, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyá Kọ̀ǹpútà sọ lórí fóònù pé bọ́ọ̀dù wa ti dàgbà ju prósẹ́sọ̀ yìí lọ, kò dá a mọ̀. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ètò tuntun sínú bọ́ọ̀dù, prósẹ́sọ̀ àtijọ́ la sì máa fi jí i ká tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Prósẹ́sọ̀ àtijọ́ tí mo gbé fún un lọ́jọ́ Ajé. Bàámi kàn gbé pẹ́ńsùlù wọn sẹ́yìn etí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Agolo ni Ìyá Kọ̀ǹpútà ń kó prósẹ́sọ̀ àlòkù sí, bí aránṣọ ṣe ń kó bọ́tìnnì. Ó dà á sórí aṣọ, wọ́n lé ní ọgọ́rin, ara wọn rí bákan náà. Ó ní òun ò rántí èyí tó jẹ́ tèmi, àti pé ìdajì wọn ló ti kú. Ìgbà yẹn ni mo rántí igun mẹ́ta Bàámi. Mo ń yí wọn síbi ìmọ́lẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí mo fi rí i, pẹ́ńsùlù káfíńtà, tó nípọn, tó ń dán.

"Bàbá ẹ ló sàmì yìí?" Ìyá Kọ̀ǹpútà bi mí. Kò gba owó lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Bí mo ṣe fẹ́ dá prósẹ́sọ̀ àtijọ́ padà sínú ihò, ó yọ̀ bọ́, ó já lé àwọn irin wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀. Mẹ́rin ló tẹ̀. Irin tó tín-ín-rín ju irun lọ! Mo bú sẹ́kún níwájú Bàámi, èmi àgbà obìnrin.

Wọ́n ní kí n dẹ́kun ariwo, kí n di tọ́ọ̀ṣì mú. Wọ́n mú awò tí wọ́n fi ń wo ojú pákó, wọ́n mú abẹ́rẹ́, wọ́n sì fara ti bẹ́ǹṣì. Wákàtí méjì ni wọ́n fi gbé irin mẹ́rin yẹn dúró, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí iṣẹ́ bá le. Wọ́n sọ nípa kọ́bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí àwọn kàn fún èèyàn. Obìnrin tó ni ín kọ̀, kò sanwó, ó ní ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dún. Wọ́n padà lọ tún un ṣe, ó tún ní ó ń dún. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni wọ́n tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn ò dún rárá. Màámi ni obìnrin yẹn. Ogójì ọdún ni mo ti ń jẹ́ ọmọ wọn, mi ò gbọ́ ìtàn yìí rí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ń ha, wọ́n á dúró gba èémí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Èmi ń di tọ́ọ̀ṣì mú.

Ojú kọ̀ǹpútà tàn. A fi ètò tuntun sí bọ́ọ̀dù náà. Ìyá Kọ̀ǹpútà ti kìlọ̀ pé iná ò gbọ́dọ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà tó máa gbà. Kò lọ. Mo sunkún lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Prósẹ́sọ̀ tuntun wọlé. Ètò ohùn ṣí! Kò lé mi jáde! Ó gbé gbólóhùn àkọ́kọ́ síta, Bàámi wọ awò ojú wọn, wọ́n nu ẹnu bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Wọn ò tíì ka gbólóhùn náà dé ìdajì tí kọ̀ǹpútà fi kú pii. Ooru ni. Fáànù àtijọ́ ò ká prósẹ́sọ̀ yìí. A tún un tàn lẹ́ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú méjì-méjì ló ń lò. Ìyá Kọ̀ǹpútà ní fáànù tó bá a mu á dé ní Ọjọ́bọ̀.

Mo ní ká máa fi ìṣẹ́jú méjì-méjì náà ṣe é. Bàámi kọ̀. "Pọ́n irin rẹ tán kí o tó fọwọ́ kan igi. Mo ti kọ́ ọ."

Òótọ́ ni, wọ́n ti kọ́ mi. A ṣì ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ohùn wọn di fínfín. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ láti yàrá wá sí ṣọ́ọ̀bù, ìgbésẹ̀ ogún péré. "Alágídí, gbọ́ mi, má gbàgbé gírísì."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Fáànù dé, a dè é mọ́lẹ̀. Mo fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, kò kú. Ara rẹ̀ tutù. Ó ti rẹ Bàámi. Wọ́n ní kí n gbá ṣọ́ọ̀bù dáadáa kí ìyẹ̀fun má bàa máa dún lábẹ́ ẹsẹ̀, àárọ̀ ọ̀la ni àwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Aago méje àárọ̀ kọjá díẹ̀, Bàámi ò lè mí mọ́. Kókó náà ti dí ọ̀nà. Dókítà dá ihò sí wọn lọ́rùn, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Wọ́n wà láàyè. Wọ́n la ẹnu bí wọ́n ṣe rí mi, nǹkan kan ò jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Olùkọ́ Ohùn wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì iwájú yàrá ìwòsàn.

"Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ṣáà ti gba ohùn Bàbá sílẹ̀?"

Mo ní rárá. Mo ní kọ̀ǹpútà ló dá wa dúró, prósẹ́sọ̀ rẹ̀ ni, àná gan-an la fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Fóònù ńkọ́?"

"Fóònù bí i ti báwo?"

"Ẹ̀ bá gbé fóònù síwájú wọn kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Ètò náà á gbà á lọ́jọ́kọ́jọ́. Kọ̀ǹpútà lè dúró dìgbà tó bá wù ú." Ó wá rí ojú mi. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ẹ̀bi òun ni, òun ò là á yé wa. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ọjọ́ méjìdínlógún. Ọjọ́ méjìdínlógún ni fóònù fi wà lọ́wọ́ mi. Mo fi ya bọ́ọ̀dù, mo fi ya ẹ̀yìn prósẹ́sọ̀, mo fi pe ọjà. Wákàtí méjì ni mo fi di tọ́ọ̀ṣì mú tí bàbá mi ń sọ ìtàn ìyá mi, fóònù náà wà nínú àpò mi, bí òkúta. Mo pọ́n irin títí igi fi jẹrà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo bẹ Dókítà bóyá wọ́n lè dí ihò yẹn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí Bàámi sọ ọ̀rọ̀ mélòó kan. Ó ní ṣé mo fẹ́ pa wọ́n ni. Ó tọ̀nà. Mo ti di wèrè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Wọ́n ti gé e. Iṣẹ́ abẹ lọ déédéé, Dókítà ń rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dúpẹ́ tọkàntọkàn, wọn ì bá ti kú. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin, mo ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin

Mo ń pa nǹkan rẹ́ lórí fóònù, mo dé orí ọ̀rọ̀ èmi àti Bàámi. Mọ́kàndínlógún ló ṣẹ́kù nínú àwọn ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ti súre fún mi. Kò sí ìtàn kankan níbẹ̀. Fáànù, gírísì, ihò, irin, Ìyá Kọ̀ǹpútà ọlọ́ṣà. Àwọn tó dára jù, ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ohùn wọn ṣì lágbára, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa wọ́n rẹ́.

Olùkọ́ Ohùn ní ó kéré púpọ̀, ó sì ti há, ṣùgbọ́n kí n gbìyànjú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà

Mo kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ nínú mọ́kàndínlógún náà sílẹ̀ lẹ́tà sí lẹ́tà, mo fi fún ètò. Prósẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Ooru rẹ̀ ń kan orúnkún mi. Ó kúkú gbọ́ àṣẹ náà, kì í ṣe òun ló jẹ̀bi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Bàámi ti wà nílé láti ọjọ́ Ẹtì. Àgékù pákó ni wọ́n fi ń ṣe síléètì, wọ́n á fi pẹ́ńsùlù kọ ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n á fá a dànù. Mo mú wọn jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Wọ́n tẹ "Ẹ káàárọ̀" pẹ̀lú ìka kan.

Kọ̀ǹpútà sọ ọ́. Ohùn ọkùnrin kan ni, tí òtútù mú, tí mi ò mọ̀ rí. Bàámi fetí sí i dópin. Wọ́n mú pákó, wọ́n kọ ọ́ pé: *Ta nìyẹn?*

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo ní ó kù díẹ̀ káàtó, mo ní tí mo bá tún un tò. Mo wólẹ̀ sórí orúnkún níbẹ̀, mo sọ fún wọn pé mo ti pa àwọn ohùn wọn tó dára jù rẹ́, pé fóònù wà lọ́wọ́ mi ní gbogbo ìgbà yẹn, pé èmi ni mo fi ohùn wọn ṣòfò. Mi ò tíì sọ ọ́ fún wọn tẹ́lẹ̀. Mo sọ ọ́ tán, mi ò lè gbójú sókè.

Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà. Kọ́. Kọ́. Ó pẹ́, nítorí ìka wọn ń tẹ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì pa á rẹ́, wọ́n á tún un tẹ̀.

"Alágídí, gbọ́ mi."

Bàámi ni. Kì í ṣe ẹni tó jọ wọ́n. Ìgbà mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti sọ ọ́ fún ẹ̀rọ yẹn, èyí nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ.

Gbólóhùn tó tẹ̀lé e ti di ti àlejò olótùútù yẹn padà, ó ní kí n dìde, aṣọ mi ti dọ̀tí. Mo dìde. Mo ní, "Mo ń gbọ́, Bàámi."